Ilé Tí Wọ́n Ń Fi Ọkọ̀ Fà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ilé tí màá máa gbé ní Èkó, mo rò pé nǹkan kan ló dí wa lọ́nà, pé wọ́n máa wá gbé e kúrò kí a lè wọlé. Ó funfun, ó gùn, ó ní fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó sì ní táyà méjì lábẹ́. Ìbátan màmá mi tó mú mi wá láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn. Ó ní, "Wọlé. Ibí ni." Kò dúró mu omi tó fi padà sínú ọkọ̀.

Káráfáànù ni wọ́n ń pè é. Ilé ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń fà á kiri. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ni Màdáámù tó ni ín máa ń yá, kí àwọn òṣèré lè rí ibi múra, kí wọ́n sì rí ibi sá sí bí oòrùn bá mú. Bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú rẹ̀, fíríìjì kan, ilé ìdáná kékeré kan, àti dígí ńlá kan tí gílóòbù yí ká. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ibẹ̀, kí n máa tún un ṣe, kí n máa fọ aṣọ àwọn òṣèré, kí n sì máa lọ̀ ọ́. Màdáámù fi bẹ́ẹ̀dì hàn mí, ó ní ti àwọn òṣèré nìyẹn. Èmi tẹ́ ẹní mi sáàárín ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀.

Inú ọgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ nígbà kan rí ni wọ́n gbé káráfáànù náà sí, nítòsí ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Koríko ti hù gba inú sìmẹ́ǹtì jáde, àwọn ẹ̀rọ tó ti dípẹtà sì tò sábẹ́ páànù. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó wà lẹ́yìn ògiri ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Òórùn ṣúgà tó ń jóná máa ń wọnú gbogbo nǹkan, títí kan irun orí mi. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, máìgádì á ti géètì láti ìta, á sì gba ilé rẹ̀ lọ ní Agége. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi gan-an ni máìgádì.

Màdáámù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ sọ èyí kí n tó sọ ìyókù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Òpèbí, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Nígbà tí ibà kọ́kọ́ kọlù mí, òun fúnra rẹ̀ ló ra oògùn wá, tó sì jókòó tì mí títí mo fi lò ó. Ṣùgbọ́n kété tí mo dé ló ti gba káàdì ìdánimọ̀ mi. Ó ní, "Mú un wá, jẹ́ kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Èkó yìí ò dáa, wọ́n á jí i." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó bi mí ní orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì dá a pè. "Kútọnu" ló sọ mí. "Kútọnu, gbé omi wá. Kútọnu, aṣọ yìí ò tíì gbẹ." Máìgádì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lọ ra iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó ń tà á á ní, "Ẹ̀gùn ni ẹ́, àbí?" Màá ní rárá o, Yorùbá ni mí. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n tún un sọ, nítorí pé bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín. Nílé, láti kékeré, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé Nàìjíríà dà bí ilé ẹ̀gbọ́n ẹni, pé èdè kan náà ni wá. Mo dé ilé ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ò dá mi mọ̀.

Màmá mi máa ń pè ní ọjọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ yẹn ló máa ń rí ẹni tó lè bá a tẹ fóònù.

"Ṣé ilé tí wọ́n fi ẹ́ sí dáa?"

"Ó dáa, Màmá."

"Ṣé iná wà níbẹ̀?"

"Iná wà. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù gan-an wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́n! Kí ni wọ́n wá ń pè ẹ́?"

"Kútọnu ni wọ́n ń pè mí."

"Kútọnu? Ìwọ tí o ò dé Kútọnu rí láyé ẹ?"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tí ẹ̀rín sì tán, omi náà ò dáwọ́ dúró.

Ó ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Mo tan gbogbo gílóòbù ara dígí, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ya ara mi. Wọ́n gbé àwòrán náà káàkiri agboolé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilé ọba ni mo wà. Láti ọjọ́ náà, n kò mọ bí mo ṣe lè padà sílé. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Àwòrán yẹn tì mí mọ́lé ju géètì lọ.

Bí iṣẹ́ bá yá, Bàbá Mùrí á so káráfáànù mọ́ ìdí jíìpù. Òun ni awakọ̀ Màdáámù, àgbàlagbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun, tó máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bisikíìtì. Màdáámù á wá ní kí n wọ inú káráfáànù, kí n di dígí mú, kí n sì máa ṣọ́ àwọn kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n má ṣí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Ó ti ṣí lójijì lójú ọ̀nà rí, tí ìkòkò sì fò bọ́ sí títì. Láti ìgbà náà, àgádágodo ni wọ́n fi ń tì í láti ìta, inú báàgì Màdáámù sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Èmi á wà nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú ọkọ̀ Màdáámù tó ń lọ níwájú.

Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá mo lè jókòó sí iwájú jíìpù.

Ó ní, "Ta ló máa wá di dígí mú?"

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè la ìlú kan já léraléra láìrí i. Wọ́n ti fi nǹkan dúdú bo àwọn fèrèsé nítorí àwọn òṣèré. Ara mi ni mo fi ń mọ ibi tí a dé. Bí káráfáànù bá fò lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, a ti kọjá lórí irin rélùwéè Agége nìyẹn. Bí òórùn awọ bá gba inú fèrèsé wọlé, a ti wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń polówó búrẹ́dì, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣépè fún ara wọn, n kò rí ojú ẹnì kankan. Màá fi ẹ̀yìn ti ògiri, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, màá di dígí náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ojú mi ni mo ń rí nínú rẹ̀ títí a ó fi dé.

Táyà òsì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Táyà méjì ni káráfáànù ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti ọ̀tún kò ní àìsàn kankan. Ti òsì ò pẹ́ kó tó jẹ. Kì í sì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló ń jẹ. Etí rẹ̀ tó kọjú sí abẹ́ káráfáànù nìkan ló ń jẹ, títí tí wáyà inú rẹ̀ fi yọ síta, nígbà tí etí kejì ṣì le bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Bàbá Mùrí pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn jẹ bákan náà. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Màdáámù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo táyà náà, ó wo bàbá náà.

"Bàbá Mùrí, táyà tuntun kọ́ lẹ fi síbẹ̀."

"Màdáámù, tuntun ni o. Ojú yín ni mo ṣe gbé e wá."

"Tuntun lẹ gbé wá. Ẹ wá tà á, ẹ lọ gbé àlòkù síbẹ̀."

"Mo fi Ọlọ́run búra—"

"Ẹ má fi Ọlọ́run búra fún mi. Táyà méjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn. Kí ló dé tí ọ̀kan ń jẹ tí ìkejì ò jẹ?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bàbá Mùrí dúró síbẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Màdáámù ní bí èyí tó kàn bá tún jẹ, iwájú àwọn ọlọ́pàá ló ti máa ṣàlàyé. Nígbà tó lọ tán, bàbá náà bu omi láti ṣàlùwàlá, gbogbo omi náà dà nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gba kẹ́túlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo da omi náà sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí irùngbọ̀n yìí ti dúdú ni mo ti ń wakọ̀. Wọn ò pè mí lólè rí."

Òun nìkan ló máa ń kí mi láàárọ̀, tó máa ń bi mí bóyá mo sun oorun. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ táyà fi di ọ̀rọ̀ mi.

Ó lọ pe Àlàbá, fokanáísà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lẹ́nu géètì wa. Àlàbá bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ, ó tún pa á bọ̀. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú táyà, àárín rẹ̀ ló máa ń jẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, etí méjèèjì ló máa ń jẹ. Èyí tó ń jẹ ní etí kan ṣoṣo yìí, ó ní ó jọ pé nǹkan kan ti tú nínú ìdí táyà. Wọ́n fi jáàkì gbé káráfáànù sókè, wọ́n mi táyà náà, ó sì mì lóòótọ́. Wọ́n pààrọ̀ irin róbótó-róbótó tó ń jẹ́ kó yí geere. Inú wa dùn. A jáde lọ ṣe iṣẹ́ ní Mágodò, a padà dé. Mo fọwọ́ pa táyà náà bí Àlàbá ṣe pa á. Etí inú ti ń dán.

Mo sọ fún Bàbá Mùrí. Ó jókòó sórí bíríkì.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa yé wa, Bàbá Mùrí àti Àlàbá tún wà lábẹ́ káráfáànù, èmi sì ń nu ilẹ̀ lókè. Omi dà mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Mùrí dìde láti gba omi mu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí omi náà ṣe ń ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn ló máa ń ṣàn lọ?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá. Bí mo bá gbé ife sórí tábìlì gan-an, ìhà ibẹ̀ ló máa ń yọ́ lọ."

Àlàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé ilẹ̀ ọgbà yìí ló dagẹ̀rẹ̀. Bàbá Mùrí ní kí a wò ó ná. Ó so káráfáànù mọ́ jíìpù, ó yí i po, ó wá gbé e kalẹ̀ sí ojú kan náà, iwájú rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo tún da omi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló fà á, ìhà kejì ló yẹ kí omi náà lọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà ló tún lọ.

"Kí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn?" Àlàbá béèrè.

Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì. Táǹkì omi ló wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí tí jẹnẹrétọ̀ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni fíríìjì, lókè fíríìjì ni àwọn àpótí bàtà àti aṣọ ọba tí àwọn òṣèré ń wọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀kùn wà, nítorí náà gbogbo ohun tí Màdáámù ń rà sí i, òsì ló ń kó o sí. Mo ti ń fi aṣọ nu àwọn nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí.

Àlàbá so nọ́ọ̀tì kan mọ́ fọ́nrán òwú, ó jẹ́ kó rọ̀ gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún. Òwú náà àti táyà dúró bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé e lọ sí ti òsì. Ìsàlẹ̀ táyà kan òwú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti tẹ̀ sínú, bí ẹni tó fi orí ti ògiri. Ó wá tan iná fóònù, ó wọ́ wọ abẹ́. Ó pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde kò dìde, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe táyà ló ń ṣàìsàn. Irin tó dábùú abẹ́ ẹ̀ ni, èyí tí táyà méjèèjì so mọ́. Ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ níhà òsì. Etí inú nìkan ló wá ń fi rìn, ìdí tó fi ń jẹ nìyẹn. Ó sì ti ń là."

"Kí ló ń là?" ni mo béèrè.

"Irin yẹn. Mo rí ojú ibẹ̀."

"Bí ó bá wá já lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Àlàbá ní, "Kò yẹ kí èèyàn kankan wà nínú ẹ̀ bó bá ń rìn."

Bàbá Mùrí gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun kì í ṣe olè. Inú mi dùn fún un gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ibi tí mo máa ń jókòó sí.

Màdáámù dé lọ́jọ́ kejì. Mo gbà fún un pé ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì lára, ó sì wo gbogbo ohun tí Àlàbá fi hàn án. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá Mùrí, ẹ má bínú. Mo ti sọ̀rọ̀ kọjá ààyè mi." Bàbá náà ní kò sí wàhálà.

"Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n ń retí wa l'Ábẹ́òkúta," ni Màdáámù wí. "Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ bọ́ sínú jíìpù kó lè fúyẹ́, ẹ fi táyà tuntun sí i, kí ẹ rọra máa fà á. Bí a bá ti ibẹ̀ dé, a máa gbé e lọ fún wẹ́dà."

Àlàbá kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Bàbá Mùrí lọ tú jẹnẹrétọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti di gbogbo ẹrù, obìnrin tó máa ń kun àwọn òṣèré lójú ti jókòó sí iwájú jíìpù, jẹnẹrétọ̀ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà káráfáànù.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ wọ inú ẹ̀."

"Ibo lo wá fẹ́ jókòó? Ṣé o ò rí i pé jíìpù àti ọkọ̀ mi ti kún ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n dúró sílé."

"Ta ló máa lọ aṣọ?" Ó sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Wò mí. Ṣé mo lè ṣe ohun tó máa pa ẹ́? Ṣebí ọmọ mi ni ẹ́."

Mo wọlé. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, ìyàwó Bàbá Mùrí béèrè, màmá mi béèrè, pé kí ló dé tí mo fi wọlé. N kò ní èsì kankan ju pé ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí kẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí àgádágodo ṣe ṣàkà.

Bàbá Mùrí rọra ń wa ọkọ̀ lóòótọ́. A kọjá rélùwéè, ara mi mọ̀ ọ́n. A gba Ìyànà Ìpájà, ara mi mọ ìyẹn náà. Omi inú táǹkì ń gbá gìrìgìrì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tó bí ìgbà tí a kọjá Alákùkọ, mo gbọ́ ìró kan lábẹ́, kò pariwo, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ilẹ̀ tí mo jókòó lé wá ṣubú kúrò lábẹ́ mi níhà òsì. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà wá bá mi. Fíríìjì já, àpótí já, dígí fọ́ mọ́ mi lápá. Irin ń ha títì lábẹ́ mi, ó ń ké, èéfín rọ́bà sì kún ibẹ̀. Mo rá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo tì í. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a. Mo mọ̀ pé ó wà ní títì, síbẹ̀ mo ń gbá a.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dúró, mo gbọ́ ohùn Bàbá Mùrí níta. "Ọmọ mi! Ṣé o wà láàyè?"

"Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi! Màdáámù ti lọ! Kúrò lẹ́bàá fèrèsé!"

Ó fi sípánà táyà fọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo rí ojú àwọn èèyàn níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Wọ́n fà mí jáde bí wọ́n ṣe ń fa ẹrù. Obìnrin yẹn tú gèlè rẹ̀, ó fi di apá mi. Bàbá Mùrí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nílẹ̀, ó ń sunkún. Táyà tuntun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ti já bọ́ pẹ̀lú ègé irin kan lára rẹ̀.

Màdáámù yí padà wá bá wa. Ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ń pe orúkọ Jésù. Òótọ́ ni ẹkún rẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pe fóònù, ó ń wá káráfáànù ẹlòmíràn tí wọ́n lè yá lọ sí Abẹ́òkúta. Ó rí ọ̀kan. Nígbà náà ló wá wo tiwa tó dojú kọ gọ́tà, ó wo àwọn èèyàn tó pé jọ, ó sì wo èmi.

"Kútọnu, o máa dúró tì í títí ọ̀la. Bí a bá fi sílẹ̀ báyìí, wọ́n á tú u palẹ̀. Máa sùn nínú ẹ̀, màá fi oúnjẹ ránṣẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kí n gbé omi wá. N kò bínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, pé n kò bínú rárá. Mo kàn dìde.

"Màdáámù, ẹ fún mi ní káàdì mi."

"Káàdì wo?"

"Káàdì ìdánimọ̀ mi. Ó wà nínú báàgì yín."

"Ṣé ìsinsìnyí lo fẹ́ gba káàdì? Ẹ wo ọmọ yìí o!"

Mo na ọwọ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ sí i. Obìnrin tó fún mi ní gèlè bi í léèrè pé ṣé káàdì ẹni ẹlẹ́ni ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Àwọn mẹkáníìkì ń sún mọ́ wa. Bàbá Mùrí dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un." Òun tí kì í gbé ohùn sókè sí i. Màdáámù tú báàgì, ó tú u pẹ́, ó sì gbé káàdì náà lé mi lọ́wọ́.

Bàbá Mùrí fi mí sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìfakò, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá pàdé mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sùn sí títí apá mi fi san. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ kan, tí mo ń lọ aṣọ títí di òní olónìí. Yàrá kan ni mo gbà. Láwọn òṣù àkọ́kọ́, bí mo bá ti ilẹ̀kùn, màá tún dìde lọ ṣí i, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní mo ń bọ̀. N kò tíì lọ. N kò mọ ohun tó ń dá mi dúró. Bóyá Èkó ni, bóyá ìtìjú ni.

Bàbá Mùrí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níléèwé. Ó máa ń yà kí mi bó bá ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní wọ́n ti fi irin tuntun sábẹ́ káráfáànù, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ sí àárín, táyà méjèèjì sì ń jẹ bákan náà báyìí. Mo ní inú mi dùn. Mo bi í léèrè ẹni tó ń di dígí mú.

Ó ní, "Wọ́n ti mú ẹlòmíràn wá. Ará Pọ́bẹ̀ ni, ní Benin yín lọ́hùn-ún."

"Ṣé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, nígbà tí Màdáámù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Géètì wà ní títì, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ògiri ti ya, tí ohùn lè gbà kọjá. Mo kí ẹni tó wà nínú ọgbà bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Obìnrin kan jáde lẹ́nu ọ̀nà káráfáànù, ọjọ́ orí wa jọ, ó gbé aṣọ tútù lé apá. Ó dá mi lóhùn bí a ṣe ń dáhùn, ó sì sáré wá síbi ògiri náà. N kò tíì rí ẹni tí ìkíni dùn mọ́ nínú bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un, mo fi apá mi hàn án. Mo ṣàpèjúwe ilé ìfọṣọ wa fún un, mo ní kó máa bọ̀ nígbàkigbà.

Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n Màdáámù dáa sí mi. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù sì wà níbí." Ó rẹ ojú sílẹ̀. "Mo ti fi àwòrán ránṣẹ́ sílé."

Mo fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ fún un, mo padà sí Ìfakò. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, òmíràn kọjá. Bàbá Mùrí wá kí mi, kò mẹ́nu kàn án, èmi náà ò béèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ń lọ àgbádá kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà tó dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú. Obìnrin ibi ògiri yẹn ni, ara rẹ̀ ti tutù rinrin. Ó gbé báàgì kan sórí, ó sì di káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibí ni?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Mo ní, "Ibí ni. Wọlé wá."